Ṣé Páànù Lásán ni BYD Seagull? Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Àkóbọ̀

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkóbọ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì ní ilé-ìwé nọ́sìrì àti pírámárì kan níbẹ̀. Corolla mi ti gbó, owó epo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó ọwọ́ mi. Ẹnì kan tó ń ta mọ́tò ní Èkó fi BYD Seagull tuntun hàn mí. Iná nìkan ló ń lò, tààrà láti Ṣáínà ló ti wọlé. Owó tó pè é kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Corolla tọ́kúnbọ̀ tó dáa lọ. Mẹkáníìkì mi ní páànù lásán ni, pé bí ọ̀kadà bá forí sọ ọ́, á rún wómúwómú, pé bátìrì ẹ̀ ò ní lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní irọ́ ni, pé mọ́tò náà dáa ju Toyota lọ, pé láàárín ọdún méjì, owó epo tí mi ò ní ra mọ́ á ti dá owó mọ́tò padà. Mo máa ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ta ni kí n tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì?”

Mà, ẹ ṣé gan-an tí ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé mọ́tò oníná wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn tí wọ́n ti sanwó tán ni wọ́n ń béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti bi ẹni tó tà á fún wọn. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, ohun méjì ló ń já yín láyà. Ẹ ń bẹ̀rù pé mọ́tò náà lè má lágbára, ẹ sì ń bẹ̀rù pé owó yín lè wọgbó. Mẹkáníìkì yín àti ọmọ yín ń jiyàn bí ẹni pé ìdáhùn kan náà ló wà fún méjèèjì, bí ẹni pé tí mọ́tò bá ti dára, dandan ni kó tó owó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò lè dára lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó má sì bá ẹni tó fẹ́ gùn ún ní Àkóbọ̀ mu. Lójú tèmi, mẹkáníìkì yín ṣi ọ̀rọ̀ agbára mọ́tò náà sọ, ọmọ yín náà sì ṣi owó rẹ̀ kà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, àwọn méjèèjì ò mẹ́nu bà á rárá: ta ni wọ́n ṣe mọ́tò yìí fún, ta ló sì máa dúró tì yín tó bá bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ti orí páànù bẹ̀rẹ̀, torí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ. Abẹ́ Peugeot 504 tí PAN ń tò pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ni àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ti dàgbà. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn 504, ‘gbì’ lẹ ó gbọ́. Pánẹ́ẹ̀bítà á làágùn kó tó lè na irin rẹ̀ tọ́. Ibẹ̀ la ti gbà pé irin tó bá nípọn ló lágbára. Ṣùgbọ́n irin tí ẹ ń fọwọ́ kàn lóde ara mọ́tò kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là, bí kò ṣe eegun tó wà nínú: àwọn òpó tó gbé òrùlé dúró, ọ̀pá irin tó wà nínú ilẹ̀kùn, àti irin gbọọrọ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin líle gidi ni wọ́n ń fi ṣe ìwọ̀nyí, irin tí wọ́n ti mú gbóná janjan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ti òde, fẹ́lẹ́ ni nínú gbogbo mọ́tò òde òní. Ẹ lọ síbi Corolla yín, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fẹ́ńdà rẹ̀ lókè táyà iwájú, ẹ ó rí i pé ó ń rọ̀ wọnú díẹ̀. Iwájú mọ́tò tó ń rún nígbà ìjàǹbá, ńṣe ni wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀, kó lè gba agbára ìkọlù náà sára, kí ibi tí ènìyàn jókòó sí má baà rún. 504 kì í tètè rún lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà awakọ̀ ni agbára yẹn máa ń lọ bá lórí sítíárì.

Seagull fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Oṣù kẹrin ọdún 2023 ló jáde ní Ṣáínà, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ 73,800 yuan, ìyẹn ó lé díẹ̀ ní 10,000 dọ́là nígbà náà. Ní 2024, Caresoft, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tú mọ́tò palẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ra ọ̀kan, wọ́n sì tú u. Wọn ò bá mọ́tò gbàrọgùdù níbẹ̀. Ìròyìn tó jáde lórí iṣẹ́ wọn ni pé bí wọ́n ṣe to mọ́tò náà lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò oníná Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ṣọ́ owó ná hàn gbangba. Wáípà kan ṣoṣo ló wà lórí gíláàsì iwájú. Ẹ̀rọ tó ń yí táyà kò ju 55 kilowatt lọ. Ibi tí ènìyàn ń gbé orí lé lára ìjókòó iwájú, wọ́n rán an pọ̀ mọ́ ìjókòó ni, kò ṣeé fà sókè. Ike tó le koránkorán ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ ìdí gbòógì tó fi pọ́ọ́kú ni pé BYD kì í ra púpọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bátìrì ni Wang Chuanfu fi dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Shenzhen ní 1995. Bátìrì fóònù ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sídìí mọ́tò ní 2003, àti láti oṣù kẹta 2022, wọn ò ṣe mọ́tò tó ń lo epo nìkan mọ́. Bátìrì rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀, àti púpọ̀ nínú pátákó iná inú rẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí irin burúkú ló fi dín owó.

Ọmọ yín á ti sọ fún yín pé ó gba ìràwọ̀ márùn-ún nínú ìdánwò Euro NCAP, àwọn tó ń dán ààbò mọ́tò wò ní Yúróòpù. Òótọ́ ni pé èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, tí wọ́n pè ní Dolphin Surf, gbà á ní 2025. Ṣùgbọ́n Dolphin Surf kọ́ ni wọ́n fi hàn yín ní Èkó. Dolphin Surf gùn ju Seagull lọ ní bí 20 sẹ̀ńtímítà, ohun tí wọ́n tò sínú àwọn méjèèjì náà sì yàtọ̀. Ìràwọ̀ wà fún mọ́tò tí wọ́n dánwò gan-an, kò wà fún gbogbo ẹbí rẹ̀. Ẹ béèrè iye èábáàgì tó wà nínú èyí tí ẹ fẹ́ rà, ẹ jókòó sẹ́yìn kí ẹ wò bóyá ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn ọmọ ni ẹ sábà máa ń gbé.

Ibi tí àwa ti máa ń rí wàhálà lára àwọn mọ́tò oníná kéékèèké tó ń wọlé báyìí, abẹ́ wọn ni. Bátìrì ló tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ ilẹ̀ mọ́tò láti ìdí ìjókòó iwájú dé ẹ̀yìn, mọ́tò náà ò sì ga, torí títì tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ wá ro ti bọ́ǹpù tí àwọn ará àdúgbò wa ń fi kọ́ńkéré mọ fúnra wọn láìwọ̀n ọ́n. Bí a bá gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sókè, ohun tí a sábà máa ń bá ni ike abẹ́ iwájú tó ti ya, kílíìpù tó ti já dànù, àti ìlà funfun gbọọrọ lára alumíníọ̀mù tó bo bátìrì, níbi tí bọ́ǹpù ti ń họ ọ́ lójoojúmọ́. Ìlà yẹn nìkan kì í ṣe nǹkan. Ibi tó bá ti tẹ̀ wọnú, tí ìka yín rì síbẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù, torí àyè tó wà láàárín irin yẹn àti bátìrì kò pọ̀. Rọ́bà búúṣì àti líǹkì iwájú náà máa ń tètè yọ̀, táyà sì máa ń jẹ kíákíá, nítorí pé mọ́tò oníná wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ, ẹ̀rọ rẹ̀ sì máa ń fà lójijì bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kàn án. Ní ti omi, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ò ní gbàgbé omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011. Púpọ̀ nínú àwọn bátìrì wọ̀nyí ni wọ́n dí débi pé wọ́n lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìjẹ́ pé omi wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bátìrì tuntun ni wọ́n fi ṣe ìdánwò yẹn, kì í ṣe èyí tí bọ́ǹpù ti ń họ láti ọdún mélòó kan. Omi tí ẹ ò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má wakọ̀ wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta tí mẹkáníìkì yín sọ, mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ Nissan Leaf, mọ́tò oníná ti Nissan, ni. Leaf àkọ́kọ́ jáde ní ìparí 2010, kò sì sí ohun kankan tó ń tu bátìrì rẹ̀ lára. Ní 2012, àwọn tó rà á ní Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti le ju tiwa lọ, rí i pé ìlà 12 tó ń fi agbára bátìrì hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń dín kù, mọ́tò ò sì tíì pé ọdún méjì. Ìròyìn yẹn káyé. Irú Leaf àtijọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọlé wá bá wa ní tọ́kúnbọ̀, tí ìlà mélòó kan ti lọ lára wọn kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá fọwọ́ kan irú rẹ̀, ẹ ò lè dá a lẹ́bi tó bá gbà pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Bátìrì Seagull ò rí bẹ́ẹ̀. LFP ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, irin àti fọ́síféètì ló wà nínú rẹ̀, Blade sì ni orúkọ tí BYD fún tiwọn nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2020. Ó wúwo ju irú ti Leaf lọ fún agbára kan náà, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru, kì í tètè gbiná, ó sì lè gba iná kó sì lò ó tán ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹ lè jẹ́ kó kún dé 100 láìbẹ̀rù. Ó tiẹ̀ dára kó kún bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè mọ ibi tó ń kún dé.

Àmọ́ ohun kan wà tí ó yẹ kí n gbè sẹ́yìn mẹkáníìkì yín lé lórí. Inú bátìrì Leaf àkọ́kọ́, àpótí kéékèèké 48 ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ra. Bí ọ̀kan bá kú, a lè yọ ọ́, ká fi òmíràn sí i. Ti Blade, ńṣe ni wọ́n to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n sì fi gúlúù lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ àpótí ńlá náà. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn, odindi rẹ̀ ni wọ́n máa fẹ́ pààrọ̀, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ìyẹn ni wárántì bátìrì fi ṣe pàtàkì ju wárántì gbogbo ìyókù lọ. Èkejì ni AC. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC mọ́tò oníná, iná alágbára kan náà tó ń yí táyà ló ń yí i, nítorí náà òróró inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń gbé iná kọjá. POE ni irú òróró tí wọ́n ń lò. PAG ni àwọn oníAC ẹ̀bá títì ń rọ sí Corolla àti Camry, PAG sì máa ń gbé iná. Díẹ̀ tó bá wọ inú mọ́tò oníná, kọ̀ǹpútà á rí i pé iná ń jò sára irin, á sì ti gbogbo mọ́tò pa. Ẹni tó ni ín á máa ké pé bátìrì ti kú, nígbà tó jẹ́ pé òróró ni. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan AC rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fi agolo òróró tó fẹ́ lò hàn yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí wọn ò mẹ́nu bà. “Tààrà láti Ṣáínà” tí oníṣòwò yẹn ń fi yangàn, ìyẹn gan-an ló yẹ kó mú yín dúró. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Ṣáínà nínú Ṣáínà ni. Ẹnu ibi tó ti ń gba iná jẹ́ ti ìlànà wọn, GB/T. Ibùdó tí wọ́n bá fi ìlànà Yúróòpù kọ́, okùn wọn ò ní wọ̀ ọ́ àyàfi pẹ̀lú adápítà, adápítà ti ibùdó ayára sì wọ́n. Ojú tẹlifíṣọ̀n inú rẹ̀, èdè Ṣáínà ló máa wà níbẹ̀, àwọn tó sọ pé àwọn lè yí i sí Gẹ̀ẹ́sì sì sábà máa ń yí apá kan, wọ́n á fi ìkìlọ̀ àṣìṣe sílẹ̀ ní èdè Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ yẹn gan-an lẹ nílò láti kà. Áàpù rẹ̀ ń fẹ́ nọ́ńbà fóònù Ṣáínà. Wárántì ilé-iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè. Ìwé kékeré tí oníṣòwò bá fúnra rẹ̀ tẹ̀, tó pè ní wárántì, kò ní ju agbára òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ tún fi ti “tuntun” yẹn sọ́kàn. Ní 2025, Wei Jianjun, alága Great Wall, tóun náà jẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá ní Ṣáínà, sọ ọ́ síta gbangba pé wọ́n ń forúkọ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò tíì wà sílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti tà á, tí wọ́n á wá tún un tà ní àlòkù tí kò tíì rin kìlómítà kankan. Ojú tuntun ló ní, ṣùgbọ́n nínú ìwé, ó ti ní ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ń kà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Nọ́ńbà ṣáàsí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, 17 ni gbogbo rẹ̀. L ló máa bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ ka ìkẹwàá: P dúró fún 2023, R fún 2024, S fún 2025. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú ìlà róbótó kan, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí oníṣòwò bá ní mọ́tò ọdún yìí ni, tí ṣáàsí àti táyà sì ń sọ ohun mìíràn, ẹ ti rí èsì yín.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ọmọ yín. Ká ní lítà epo kan jẹ́ 900 náírà. Corolla tó ń rìn láàárín ìlú Ìbàdàn pẹ̀lú AC á mu bí lítà 10 fún 100 kìlómítà, ìyẹn 9,000 náírà. Seagull á lo bíi yúnìtì 12 fún ọ̀nà kan náà, èyí tó ń ṣòfò nígbà tó bá ń gba iná á sọ ọ́ di 14. Bí àdúgbò yín bá wà ní Band A, níbi tí yúnìtì kan ti lé díẹ̀ ní 200 náírà, kò tó 3,000 náírà. Ẹ fi 6,000 pamọ́ nìyẹn lórí 100 kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń rin 1,000 kìlómítà lóṣù, 60,000 náírà lóṣù, 720,000 lọ́dún. Owó gidi ni, ó lè san owó oṣù òṣìṣẹ́ kan nílé-ìwé yín. Ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè dá owó mọ́tò padà láàárín ọdún méjì. Bí iná ò bá sí, tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ máa fi gba iná sí i, jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mú bíi yúnìtì méjì jáde nínú lítà epo kan. Yúnìtì 14 á jẹ lítà 7, ìyẹn 6,300 náírà, láìka ariwo àti títún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Èrè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Jẹnẹrétọ̀ náà tún lè má gbà fún yín, torí pé ṣájà mọ́tò máa ń wá wáyà ilẹ̀ (earth) kó tó ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ ilé wa ni kò sì ní in. Iná pupa á tàn, mọ́tò ò ní gbà. Àwọn oníwáyà kan á fẹ́ fi ọgbọ́n tan ṣájà náà jẹ pé ilẹ̀ wà. Ẹ má gbà. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ara mọ́tò ni iná á wà, ọwọ́ ọmọdé ló sì máa kọ́kọ́ kàn án. Kí wọ́n ri ọ̀pá ilẹ̀ gidi mọ́lẹ̀.

Ní ti Èkó, 305 kìlómítà tí wọ́n kọ sára Seagull oníbátìrì kékeré, ìdánwò Ṣáínà tó ń ṣojú rere sí mọ́tò ló ti wá. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú AC, ẹ fọkàn sí 200. Láti Àkóbọ̀ dé Ìkẹjà á máa lọ bíi 130. Ẹ ó dé Èkó, ẹ ò ní lè padà láìgba iná, bí ẹ bá sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ènìyàn gba iná ìpadàbọ̀ yẹn, á tó wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Èyí tó ní bátìrì ńlá, tí wọ́n kọ 405 sí, á ṣe bí 260, ìyẹn ni pé ẹ ó wọlé pẹ̀lú ìpayà. Bí ẹ bá ní ẹbí tí ẹ máa ń sùn sílé wọn l’Ékòó, tí iná wọn dúró, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan náà ni, ẹ máa fi Corolla ẹlòmíràn lọ, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò.

Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín tó mú inú mi dùn, tí ẹ sì sọ kọjá bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan: ẹ ní ilé-ìwé. Mọ́tò yín á máa dúró lójú kan láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde lọ́sàn-án, àkókò tí oòrùn ń ràn gan-an. Bí ilé-ìwé náà bá ní òrùlé tó tó gbé sólà 550 watt mẹ́fà, pẹ̀lú ínfátà 5 kVA, ṣájà kékeré tó ń gba 8 tàbí 10 amp á máa rọ iná sí mọ́tò yín lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ẹ ra yúnìtì kan. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, á tó ohun tí ẹ máa fi rin 80 sí 100 kìlómítà, ẹ ò sì ní rin tó bẹ́ẹ̀ láàárín Ìbàdàn. Nígbà òjò, á dín kù, ẹ ó fi iná ìjọba kún un. Sólà náà kò ní ṣiṣẹ́ fún mọ́tò nìkan, kíláàsì àti ọ́fíìsì á jẹ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kún. Ẹni tó ní irú ibi ìgbọ́kọ̀sí yìí ni mọ́tò oníná bá mu jù nílẹ̀ yìí, ju ẹni tó ń gbé inú fúláàtì lókè kẹta lọ. Kí ẹ kàn kíyè sí i pé ṣájà tó ń bá mọ́tò Ṣáínà wá lè jẹ́ 16 amp. Tí wọ́n bá gé ẹnu rẹ̀, tí wọ́n fi pọ́lọ́ọ̀gì 13 amp sí i, tí wọ́n sì jẹ́ kó fà bó ṣe fẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì á yọ́ mọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí oníwáyà ya wáyà tó nípọn sọ́tọ̀ fún un láti pátákó.

Nítorí náà, ohun tí èmi máa ṣe tí mo bá wà ní ipò yín rèé. Bí ẹ bá lè rí irú mọ́tò yìí lọ́dọ̀ aṣojú tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí, tó ní wárántì bátìrì lórúkọ yín, tí ẹnu ìgbaná rẹ̀ sì jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ fi owó kún un kí ẹ ra ìyẹn, kódà bó bá fi púpọ̀ wọ́n ju èyí tí wọ́n fi hàn yín lọ. Bí owó ò bá dé ibẹ̀, tí ẹ ò sì tíì lè to sólà, tọ́kúnbọ̀ háíbíríìdì ti Toyota, èyí tó ń lo epo àti iná pọ̀, á dín epo yín kù sí bí ìdajì láìyí ìgbésí ayé yín padà, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà ní Ìbàdàn. Èyí tó wá láti Ṣáínà yìí, màá rà á bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò kejì nínú ilé ni, tí sólà ti wà lórí òrùlé, tí owó rẹ̀ sì dín gidigidi sí ti èyí tó ní wárántì. Tiyín ni mọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ gbójú lé, owó rẹ̀ ò sì dín tó. Màá fi sílẹ̀.

Iye tí ẹ máa rí tà á lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi lérí fún yín, torí kò tíì sí Seagull kankan láyé tó pé ọdún márùn-ún. Ohun tí a mọ̀ ni pé ní oṣù karùn-ún 2025, BYD fúnra wọn gé owó rẹ̀ ní Ṣáínà wá sí 55,800 yuan. Nígbà tí tuntun bá ń já wálẹ̀ báyìí, àlòkù á tẹ̀ lé e. Èmi náà ò sì lè dúró síbí kí n sọ bí èyí tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò yẹn ṣe rí lábẹ́.

Bí ọkàn yín bá ṣì fà sí i, ẹ mú mẹkáníìkì yín dání lọ, kí ẹ ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà sókè lójú yín. Kó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo abẹ́ bátìrì, kó fa rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn sẹ́yìn kó wò bóyá ọ̀dà ti dà síbẹ̀, kó wo orí bóòtù fẹ́ńdà àti ti ilẹ̀kùn bóyá sípánà ti kàn wọ́n rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ ṣájà fún wákàtí kan níwájú yín, lórí iná ìjọba, pẹ̀lú AC ní títàn. Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè gbé e sókè, tàbí pé ṣájà rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ẹ má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà.